Ṣé Paint àtijọ́ lè gbé aṣọ ọlọ́nà àti ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òdógbólú ni mo ń gbé. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni ọmọ mi fi sílẹ̀ fún mi, Windows XP ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí nǹkan ìyàwòrán kankan níbẹ̀ àfi Paint. Mo fẹ́ ya ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba tó wọ aṣọ ọlọ́nà, irú èyí tí ìyá mi máa ń hun, kí ẹgbẹ́ wa lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, kí a gbé e kọ́ sára ògiri. Àmọ́ bí mo bá da àwọ̀ sójú kan, gbogbo ojú ìwé ló ń gbà á. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ó pín sórí bébà mẹ́rin. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọwọ́ mi a sì máa gbọ̀n lórí máòsì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní eré ọmọdé ni Paint, pé kí n lọ ra sọ́fíwià tuntun. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ohun tí ìyá yín fi sílẹ̀. Ẹ má ra nǹkan kan o. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an ló bá Paint àtijọ́ lára mu jù, àwọn ìṣòro tí ẹ kà sílẹ̀ sì ní ojútùú, gbogbo wọn pátá.

Ẹ fẹ àwòrán kan nínú Paint kó tóbi dáadáa, kí ẹ wò ó. Onígun mẹ́rin kéékèèké ló tò jọ tó fi di àwòrán. Píksẹ́lì là ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ẹyọ kan sì lè gbà. Ohun tí ìyá yín ń ṣe nídìí òfì náà nìyẹn. Òwú kan nà lóròó, òwú ọnà gba ìbú kọjá, ó fo òwú mélòó kan, ó wọlẹ̀, ó tún yọ. Nítorí náà ni ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́ àti wàláà tí ẹ ń rí lára aṣọ ọlọ́nà ṣe ní etí tó ń gùn bí àtẹ̀gùn, tí ìkankan nínú wọn kò rí roboto. Ẹni tó bá dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, tó ti gbọ́ tí wọ́n ń ka iye òwú tí wọ́n máa fò kí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó jáde, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí kó tó tan kọ̀ǹpútà. Aṣọ yìí kan náà ló rìn jìnnà dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari létí òkun, tí wọ́n ń pè é ní ikakibite, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí ẹbí. Ohun tó ní irú iyì bẹ́ẹ̀ tọ́ sí kí a fara balẹ̀ yà á.

Àwọn sọ́fíwià tuntun tí àwọn ọmọ ń sọ máa ń fi àwọ̀ àárín-méjì sí etí ìlà kó lè dán lójú. Ìyẹn dára fún àwòrán ojú èèyàn. Fún aṣọ ọlọ́nà, ìbàjẹ́ ni, torí ó ń rẹ́ àtẹ̀gùn yẹn dànù. Paint tó wá pẹ̀lú Windows 7 gan-an ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń fa ìlà tàbí tó ń ya òbìrípo. Ti orí XP yín kì í ṣe é. Dúdú ni dúdú, funfun ni funfun, ààlà sì dúró síbi tí ẹ fi í sí. Bí wọ́n bá ní kí n yan èyí tí màá fi ya aṣọ wa nínú méjèèjì, tiyín ni màá mú.

Ní ti pé eré ọmọdé ni: láti ìgbà tí Windows àkọ́kọ́ ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1985 ni Paint ti wà, dúdú àti funfun nìkan ló sì mọ̀ nígbà náà. Lọ́dún 2017, Microsoft kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn nǹkan tí wọ́n fẹ́ pa tì. Àwọn èèyàn figbe ta kárí ayé, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Bàbá kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hal Lasko, wọ́n bí i lọ́dún 1915. Iṣẹ́ lẹ́tà àti àwòrán ló fi jẹun kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó dàgbà, àìsàn tó máa ń ba àárín ìríran jẹ́ mú un lójú. Inú Paint ló bọ́ sí. Ó ń fẹ ojú iṣẹ́ tóbi, ó ń kun píksẹ́lì lẹ́yọ lẹ́yọ, ó sì ń ya ọgbà, òkè àti ilé tí àwọn èèyàn ń rà, títí ó fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 2014 ló jáde láyé. Ẹ sọ ìtàn bàbá yìí fún àwọn ọmọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọ̀ tó ń tú. Garawa àwọ̀ inú Paint kì í mọ ohun tí ẹ yà. Ohun tó mọ̀ ni pé píksẹ́lì tí ẹ tẹ̀ ní àwọ̀ kan, ó sì ń bá gbogbo èyí tó ní àwọ̀ kan náà tó fẹ̀gbẹ́ kàn án lọ, títí yóò fi kan ògiri. Bí àlàfo píksẹ́lì kan ṣoṣo bá wà lára ìlà yín, ibẹ̀ ló máa gbà jáde. Ìlà tó dagun, tí píksẹ́lì rẹ̀ ń fi igun kan ara wọn, ń dá a dúró dáadáa, ẹ má dààmú nípa ìyẹn. Ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n, tí ìlà méjì kò pàdé, ni kí ẹ wá. Ẹ lọ sí View, Zoom, kí ẹ yan Large Size, kí ẹ wá fojú tọ ìlà náà yípo kí ẹ tó da àwọ̀. Ẹ sì kọ́kọ́ fi iṣẹ́ pamọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Paint orí XP ń jẹ́ kí ènìyàn dá ohun tó ṣe padà. Ìkẹrin kò sí.

Ìdí kejì wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí, JPEG. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ pamọ́ bíi JPEG, kọ̀ǹpútà á fún àwòrán pọ̀ kó lè kéré, á wá fọ́n àwọ̀ ṣákálá ká etí gbogbo ìlà. Ojú lásán lè má rí i. Garawa á rí i, á sì fi èérún funfun sílẹ̀ níbi gbogbo. Àwòrán tó bá ti di JPEG kò ní mọ́ padà mọ́. Nínú Save As, PNG ni kí ẹ yàn. Bitmap oní-24-bit náà dára, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n kọ 256 Color tàbí 16 Color sí, torí á pààrọ̀ àwọ̀ yín láìbéèrè.

Kí ẹ tó ṣí Paint rárá, ẹ mú ìwé gíráàfù tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Susan Kare, obìnrin tó ya àwọn àmì kéékèèké orí kọ̀ǹpútà Macintosh tó jáde lọ́dún 1984, orí irú bébà bẹ́ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ yà wọ́n, ojú 32 lóròó, ojú 32 níbùú, kí ó tó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ mú ọ̀pọ̀lọ́ kan lára aṣọ ìyá yín, kí ẹ kà á sórí gíráàfù. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tó ojú 15. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì ni mo mọ̀ọ́mọ̀ mú, kí òpó kan lè wà láàárín gbùngbùn, kí ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì lè bára dọ́gba. Ojú mẹ́jọ ni kí ẹ yà, ìyẹn òpó àárín àti ẹ̀gbẹ́ kan.

Nínú Paint, ẹ fẹ ojú iṣẹ́ sí 800%, kí ẹ tẹ Ctrl àti G. Ìlà gíráàfù á yọ lójú iṣẹ́, kò sì ní hàn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Nínú View, Zoom kan náà, ẹ tẹ Show Thumbnail, fèrèsé kékeré kan á ṣí tí ẹ ó ti máa rí bí iṣẹ́ ṣe rí ní ìwọ̀n tirẹ̀ bí ẹ ṣe ń kun ún lẹ́yọ lẹ́yọ. Péńsùlù ni kí ẹ lò, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá parí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi Select ká a mọ́, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ wá fà á. Ẹ̀dà rẹ̀ á tẹ̀ lé ọwọ́ yín, ti àkọ́kọ́ á sì dúró síbi tó wà. Ẹ jọ̀wọ́ máòsì, àmọ́ kí ẹ tó tẹ ibòmíràn, ẹ tẹ Ctrl àti R, ẹ yan Flip horizontal, ó ti dojú kọ ọ̀nà kejì nìyẹn. Ẹ gbé e wá kí òpó àárín méjèèjì gun ara wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ yín ti pé.

Láti ibí, aṣọ á máa hun ara rẹ̀. Ẹ ká odindi ọ̀pọ̀lọ́ mọ́, ẹ máa fi Ctrl tò ó lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí ẹ bá di Shift mú dípò Ctrl tí ẹ sì ń fà á, á máa fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ìyẹn fún ìgbátí aṣọ. Ohun kan tún wà tí mi ò rí kí wọ́n kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fẹ́ kí òwú pupa di àwọ̀ aró, láìfọwọ́ kan òwú tó kù. Ẹ fi bọ́tìnnì òsì máòsì yan pupa nísàlẹ̀, ẹ fi ti ọ̀tún yan aró, ẹ mú ìparẹ́, kí ẹ di bọ́tìnnì ọ̀tún mú bí ẹ ṣe ń pa á kiri. Pupa nìkan ló máa yí padà, ó ń di aró. Gbogbo àwọ̀ yòókù á wà bí wọ́n ṣe wà. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ lè wo aṣọ kan náà ní oríṣiríṣi àwọ̀, kí ẹgbẹ́ yan èyí tó wù wọ́n.

Bí ẹ bá po àwọ̀ tiyín nínú Edit Colors, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti pa Paint, ó ti lọ. Ẹ ya àpótí kékeré kékeré sí igun kan ojú iṣẹ́, kí ẹ da àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń lò sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi Pick Color mú un níbẹ̀. Ẹ gé igun náà kúrò nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Mi ò ní jẹ́ kí àwọ̀ ju mẹ́jọ lọ nínú irú iṣẹ́ yìí. Ibi tí ẹ bá ti fẹ́ òjìji, ẹ to píksẹ́lì àwọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan mímọ́, bíi pátákó ìta dáráàfù. Láti ọ̀ọ́kán, ojú á pò ó di àwọ̀ kẹta. Àwọ̀ tí Paint máa ń fọ́n bí omi, ìyẹn airbrush, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kun ojú ẹlẹ́ṣin. Kò dára níbẹ̀ rí.

Ẹṣin wàyí. Gbogbo wa la mọ bí ọjọ́ kẹta Iléyá ṣe máa ń rí n'Íjẹ̀bú-Òde, bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe ń wọlé lẹ́gbẹẹgbẹ́, tí àwọn ọmọ ilé Balógun ń fi ẹṣin jó lọ kí Awùjalẹ̀. Ohun tó ń gba ojú ènìyàn níbẹ̀ ni ìrísí ẹṣin náà, bó ṣe gbé ọrùn, bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sókè, àti aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń ka iṣan itan rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ya ẹṣin ní àwọ̀ kan pẹrẹsẹ, dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, kí ẹ wá fi gbogbo sùúrù yín sí aṣọ, gàárì àti agbòòrùn. Fún ọrùn àti ẹ̀yìn ẹṣin, irinṣẹ́ Curve ni kí ẹ lò. Ìlà tààrà lẹ kọ́kọ́ máa fà. Lẹ́yìn náà ó máa ń gba kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà àkọ́kọ́ fún àyà, ìgbà kejì fún ibi tí ọrùn ti yí padà lọ sí orí. Ẹ má jáwọ́ lẹ́yìn ìtẹ̀ kan.

Ẹ gbà mí láyè kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká ní àwọn tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí ọnà náà wà lára aṣọ tí ẹlẹ́ṣin wọ̀, kó má gùn ún léjìká, àyàfi tí àwọn àgbà bá fọwọ́ sí i.

Paint orí XP kò ní ìpele tí wọ́n máa ń to àwòrán sí lórí ara wọn. Èyí tí ẹ bá yà sórí nǹkan ti pa nǹkan ọ̀hún jẹ nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó jìnnà, ojú ọ̀run, ilé, èrò, kí ẹ tó bọ́ síwájú. Ẹṣin àti ẹlẹ́ṣin ní tiwọn, ẹ yà wọ́n sínú fáìlì ọ̀tọ̀, lórí àwọ̀ tí kò sí níbòmíràn nínú iṣẹ́ náà. Èmi máa ń lo pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ń ta sójú. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ṣí àwòrán ẹ̀yìn, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún yan pupa yẹn, ẹ lọ sí Image, ẹ yọ àmì tó wà níwájú Draw Opaque, kí ẹ wá lo Edit, Paste From láti mú ẹṣin wọlé. Pupa náà á pòórá, ẹṣin nìkan á dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi funfun ṣe é, ó sì di pé ihò wà lójú ẹṣin àti lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹlẹ́ṣin, torí funfun ibẹ̀ náà ti bá a lọ.

Lẹ́yìn gbogbo ìpele kan, ẹ lo Save As, kí ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tuntun: esin01, esin02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Paint yìí kì í fi nǹkan pamọ́ fúnra rẹ̀, iná wa sì ni ẹ mọ̀ yẹn. Ẹ má so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú XP dúró. Fláàṣì ni kí ẹ máa fi gbé iṣẹ́ jáde.

Ní ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ má bá máòsì jà. Ẹ tẹ Alt òsì, Shift òsì àti Num Lock papọ̀, ẹ gbà á láyè nígbà tó bá béèrè. Nọ́ńbà apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù á di máòsì: 4 fún òsì, 6 fún ọ̀tún, 8 fún òkè, 2 fún ìsàlẹ̀, 5 fún títẹ̀. Bí ẹ bá di Shift mú, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ kò sì ní ṣìnà kúrò lójú píksẹ́lì tí ẹ fẹ́. Ẹ ní kí ọmọ kan bá yín tan Num Lock bí kò bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà tó gùn, ẹ lo irinṣẹ́ Line, ẹ di Shift mú, kò ní wọ́.

Ó ku títẹ̀. Àwòrán yín pín sórí bébà mẹ́rin nítorí ó tóbi ju bébà kan lọ nínú ìṣirò Paint. Ẹ lọ sí File, Page Setup, kí ẹ yan Fit to, ojú 1 sí 1. Ìyẹn tó fún àyẹ̀wò nílé. Fún ti ògiri, ẹ jẹ́ ká sọ pé bébà A3 ni. Ẹ tẹ Ctrl àti E kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ojú iṣẹ́ sí 600 níbùú, 424 lóròó. Ó bá A3 dọ́gba, kò sì ní wúwo fún kọ̀ǹpútà yín. Lórí bébà yẹn, píksẹ́lì kan á fẹ̀ tó mìlímítà 0.7, ọ̀pọ̀lọ́ yín á sì lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, lórí ẹ̀dà, kì í ṣe lórí ojúlówó, ẹ tẹ Ctrl àti W, kí ẹ fi 500 sí Horizontal, 500 sí Vertical. Á di 3000 sí 2120, etí rẹ̀ á sì mú ṣáṣá. Iye tó gún bíi 200, 300, 400, 500 ni kí ẹ máa lò. Bí ẹ bá fi 130 sí i, òwú kan á fẹ̀ ju èkejì lọ, aṣọ á sì dà bí èyí tí wọ́n hun tì.

Ẹ gbé PNG náà lórí fláàṣì lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé n'Íjẹ̀bú-Òde, kí ẹ dúró tì wọ́n. Wọn ó fẹ́ bá yín mú un dán nínú CorelDRAW wọn, torí wọn ó rò pé àwòrán náà kò dára tó ni etí rẹ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé aṣọ ọlọ́nà ni, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí wọ́n má sọ ọ́ di JPEG, kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wò lórí bébà kékeré kí ẹ tó sanwó. Tó bá sì di pé ọmọ kan fẹ́ fi fóònù rẹ̀ bá yín fi fáìlì náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi í ránṣẹ́ bí Document, kì í ṣe bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, gbogbo òwú tí ẹ kà á sì dàrú.